Kábíyèsí, kí páánù ṣáájú ìlù: lẹ́tà ṣíṣí sí Aláké ti ilẹ̀ Ẹ̀gbá

Kábíyèsí,

Kí adé pẹ́ lórí, kí bàtà pẹ́ lẹ́sẹ̀, kí ìrùkẹ̀rẹ̀ di okinni. Ọmọ yín kúnlẹ̀ láti òkèèrè. Ọmọ Kémta ni mí, nọ́ọ̀sì ni mí. Ìjọba àpapọ̀ wa ló rán mi wá sí Jàmáíkà lábẹ́ Technical Aid Corps, ètò tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1987, tí ó máa ń fi àwọn oníṣègùn, nọ́ọ̀sì àti olùkọ́ wa ran àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn lọ́wọ́ fún ọdún méjì méjì. Sẹ́ńtà ìlera kékeré kan lórí òkè ní agbègbè Westmoreland ni wọ́n gbé mi sí. N kò ní dárúkọ abúlé náà, torí bí mo bá sọ níbí pé ìyá kan báyìí, àwọn ará ibẹ̀ á ti mọ ìyá tí mò ń wí kí n tó parí gbólóhùn.

Mo mọ̀ pé inú àgbàlá ló yẹ kí irú ọ̀rọ̀ báyìí ti wáyé, kì í ṣe ojú ọjà. Ṣùgbọ́n ojú ọjà ni wọ́n ti gbé e dé kí n tó gbọ́. Lórí WhatsApp àwa ọmọ ilé ìwé kan náà ni mo ti rí i pé àwọn ọmọ Ẹ̀gbá kan nílé ń dá owó jọ láti wá ṣe àjọ̀dún ńlá ní Abẹ́òkúta ti Jàmáíkà: aṣọ ẹgbẹ́, onílù méjìlá, àti òkúta mábù kan tí wọ́n máa kọ orúkọ àwọn tó dáwó sí. Wọ́n bi mí bóyá mo lè bá wọn wá ibi tí ọkọ̀ akérò lè dúró sí. N kò tíì dá wọn lóhùn. Lẹ́tà yìí ni èsì mi, Kábíyèsí, ẹ̀yin ni mo sì kọ ọ́ sí, torí bí ẹ bá wí, wọ́n á gbọ́.

Ọ̀pọ̀ èèyàn nílé ò mọ̀ pé Abẹ́òkúta kan wà níbí, Bẹ́kútà ni àwọn ará ibí ń pè é. Èmi náà, ká sòótọ́, inú ìwé ni mo ti mọ̀ ọ́n, bí èèyàn ṣe ń mọ orúkọ òkè ilẹ̀ Róòmù. Ọ̀sẹ̀ kejì tí mo dé ni ìyá àgbà kan wá wọn ìfúnpá. Mo ń wé aṣọ ẹ̀rọ mọ́ ọn lápá lọ́wọ́, ó ní níbo ni mo ti wá. Mo ní Nàìjíríà. Ó ní ibo ní Nàìjíríà. Mo ní Abẹ́òkúta. Ìyá já apá rẹ̀ gbà. Ó ní irọ́ ni mò ń pa, Bẹ́kútà nìyẹn, ó sì nawọ́ sí òkè tó wà lẹ́yìn fèrèsé. Ìfúnpá rẹ̀ fò sókè débi pé mo ní láti ní kó jókòó jẹ́ẹ́ fún ogún ìṣẹ́jú kí n tó tún un wọ̀n. Láti ọjọ́ náà, kì í pè mí ní nọ́ọ̀sì mọ́. Ó ń pè mí ní ìbátan.

Ẹ̀yin lẹ ni ìtàn Ẹ̀gbá, n kò lè máa kọ́ baba mi ní ohun tó fi kọ́ mi. Nǹkan bí 1830 ni Ṣódẹkẹ́ kó àwọn èèyàn wa dé abẹ́ Olúmọ. Ogun ò tíì rọlẹ̀ nígbà náà. Wọ́n ń kó wa lẹ́rú, wọ́n ń tà wá létí òkun. Àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì a sì máa dá àwọn ọkọ̀ ẹrú dúró lójú omi, wọn a kó àwọn tó wà nínú rẹ̀ lọ tú sílẹ̀ ní Freetown. Láti Freetown yìí ni àwọn kan ti wá ọ̀nà ilé, tí àwọn àkọ́kọ́ nínú wọn sì dé Abẹ́òkúta ní 1839. Àwọn là ń pè ní Sàró. Ìdílé wọn ṣì wà láàrin wa, títì àti ilé ìwé sì ń jẹ́ orúkọ wọn.

Èyí tá a kì í sọ ni ti àwọn tó kù sí èbúté. Àwọn ẹrú Jàmáíkà gba òmìnira pátápátá ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹjọ 1838, ọ̀pọ̀ wọn sì kẹ̀yìn sí oko ìrèké. Àwọn olóko bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọwọ́ mìíràn. Láti 1841 ni ọkọ̀ ti ń lọ sí Freetown láti kó òṣìṣẹ́ àdéhùn, wọ́n sì ń kó láti erékùṣù St Helena náà. Títí wọ àwọn ọdún 1860, nǹkan bí 10,000 ọmọ Áfíríkà ni wọ́n kó wá síbí lọ́nà yìí. Yorùbá pọ̀ nínú wọn.

Ohun tó máa ń lé oorun lójú mi nìyí, Kábíyèsí. Èbúté kan náà ni, àkókò kan náà ni. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọmọ ìyá kan náà. Ẹni tó bá ọkọ̀ Àgbádárìgì lọ bá ara rẹ̀ lábẹ́ Olúmọ, ọmọ rẹ̀ di akọ̀wé. Ẹni tó bá ọkọ̀ kejì lọ bá àdá àti ìrèké pàdé ní Westmoreland. Nígbà tí àdéhùn pé, wọ́n gun òkè lọ, wọ́n wá ilẹ̀, wọ́n sì sọ ibẹ̀ ní orúkọ ìlú tí ọ̀pọ̀ nínú wọn lè má tíì fojú rí. Nàgó ni wọ́n ń pe àwọn ọmọ wọn ní Westmoreland níbí. Ní Hanover tó bá wa pààlà, Etu ni wọ́n ń pe tiwọn. Mo ti rí ijó Etu. Agolo kẹrosíìnì ni wọ́n ń lù mọ́ ìlù awọ. Bí ẹnì kan bá jó tó dùn, ìyá àgbà á dìde, á fi ìborùn kọ́ ọ lọ́rùn, á sì dẹ ẹ́ sẹ́yìn díẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àwa ṣe ń lẹ owó mọ́ oníjó níwájú. Mo sunkún. Ẹ má sọ fún màámi.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká, tí wọ́n tọ́ dàgbà ní Aké, ti dé Bẹ́kútà rí. Ó sọ pé nígbà tí òun wà ní ìgbèkùn láyé Abacha, ibẹ̀ lòun fẹ́ kí wọ́n sin òun sí bí ikú bá ká òun mọ́ ìdálẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ mi gan-an. Àmọ́ ti àwọn tó wà láàyè níbẹ̀ ni mo bá wá.

Ẹ wo máàpù, ẹ ó rò pé kò sí abúlé tó jìnnà ní Jàmáíkà. Níbi tí erékùṣù náà fẹ̀ jù, nǹkan bí 80 kìlómítà ni láti òkun dé òkun. Láti abúlé mi, bí ojú ọjọ́ bá mọ́, mo ń rí òkun. Jíjìnnà tibí kì í ṣe ti kìlómítà, ti owó ọkọ̀ ni. Probox ni gbogbo wa ń wọ̀, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kékeré tí wọ́n ń fún èèyàn sí bí ẹní di ẹ̀pà sí ṣágo: mẹ́rin lẹ́yìn, ẹnì kan níwájú, ẹnì kan tún jókòó lé ọwọ́ bíréèkì, kẹ́ẹ̀gì omi àti ìyá adìyẹ nínú búùtù. Bí òjò bá wọ́ ojú títì lọ, dẹ́rẹ́bà á ní òun ò gun òkè mọ́, ẹni tó bá níṣẹ́ ní Savanna-la-Mar á bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ rìn. Nílé ìwé, ọjọ́ Ẹtì ni àga máa ń ṣófo. Kì í ṣe pé àwọn ọmọ burú. Owó ọkọ̀ àti owó oúnjẹ ọ̀sán tí ìyá ní lọ́jọ́ Ajé ti tán lọ́jọ́ Bọ̀.

Omi ńkọ́? Bíi ìdá méjì nínú mẹ́ta ilẹ̀ erékùṣù yìí ló jẹ́ òkúta ẹfun. Òjò ń rọ̀ dáadáa, ilẹ̀ á sì gbé e mì. Kànga gbígbẹ́ kì í rọrùn lórí òkè báyìí, ẹ̀rọ omi ìjọba ò sì dé gbogbo ibi. Nítorí náà orí òrùlé ni wọ́n ti ń pọnmi. Òjò á rọ̀ sórí páánù, á gba ọ̀sọ̀rọ̀ wọ tánkì dúdú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń bù ú mu, tí wọ́n ti ń bù ú wẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, màá padà sórí rẹ̀.

Oúnjẹ wọn á yà yín lẹ́nu. Iṣu ni. Èyí tí wọ́n fẹ́ràn jù ni igángan wa, oníkùn pupa yẹn, wọ́n sì ní ewùrà. Iṣin tí ń hù lẹ́yìnkùlé wa, tá a ń fojú di, òun ni wọ́n fi ṣe oúnjẹ orílẹ̀-èdè. Pẹ̀lú ẹja oníyọ̀ ni wọ́n ń sè é. Gbẹ̀rẹ̀fútù wà, kókò wà, wọ́n sì ń fi gbágùúdá ṣe àkàrà pẹlẹbẹ kan tí wọ́n ń pè ní bammy. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí ebè iṣu lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè níbí, mo ní kí dẹ́rẹ́bà dúró. Ó rò pé èébì ń gbé mi.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà tó ń gé koríko ní sẹ́ńtà wa, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún. Bó bá fi èékánná họ èèpo iṣu báyìí, á sọ irú iṣu tó jẹ́ fún yín àti bí ilẹ̀ tó ti jáde ṣe rí. Àgbẹ̀ ló fẹ́ ṣe. Ẹ bi í léèrè ìdí tí kò fi ṣe é. Ilẹ̀ wà, ti bàbá bàbá rẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ẹbí ni, kò sí ìwé lórí rẹ̀, àwọn tó ní ìpín níbẹ̀ sì wà ní Kingston, Lọ́ńdọ̀nù àti Toronto, àwọn mìíràn ti kú. Báńkì ò lè yá a lówó lé e lórí. Ẹ̀yin mọ ọ̀ràn ilẹ̀ ẹbí jù mí lọ, Kábíyèsí, ààfin yín ni gbogbo ẹjọ́ rẹ̀ ń pàdé. Bó bá tiẹ̀ gbin iṣu ọ̀hún, àwọn olè ń wá wú u lóru kí ó tó gbó. Olè oko níbí burú débi pé àwọn àgbẹ̀ kan ń sùn sínú oko.

Nítorí náà ọ̀nà tó ṣí sílẹ̀ fún un ò pọ̀. Ó lè sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Negril, kó máa tẹ́ ibùsùn fún àlejò ní hòtẹ́ẹ̀lì. Ó lè gba fọ́ọ̀mù lọ ṣiṣẹ́ oko ní Kánádà fún oṣù díẹ̀ lọ́dún, bí àwọn ará Jàmáíkà ti ń ṣe láti 1966. Ẹ wò ó, ẹni tí kò rí ilẹ̀ gbin iṣu nílé ń lọ ká ápù fún olóko ẹlòmíràn. Tàbí kó lọ bá àwọn tó ń fi fóònù tan àwọn arúgbó Amẹ́ríkà pé wọ́n ti jẹ lọ́tìrì. Apá ìwọ̀ oòrùn erékùṣù yìí ni iṣẹ́ ibi náà pọ̀ sí jù. N kò ní dá wọn lẹ́jọ́ jìnnà, torí àwa náà ní Yahoo nílé, a sì mọ ilé tí àwọn kan fi kọ́. Àwọn òbí tó ti lọ òkè òkun a máa fi àgbá ńlá kó aṣọ, ìrẹsì àti bàtà ránṣẹ́ sí ọmọ. Ọmọ a gba bàtà. Ìyá ò ní sí níbẹ̀ láti rí i pé kò bá a lẹ́sẹ̀ mu mọ́.

Bí ayé ṣe rí nìyẹn títí di ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹwàá 2025.

Ìjì Melissa ni wọ́n pè é. Westmoreland yìí gan-an ló ti gba etíkun wọlé, nítòsí New Hope, pẹ̀lú afẹ́fẹ́ tó ń sáré 295 kìlómítà ní wákàtí kan. Kò sí èyí tó le tó o tó ti wọ Jàmáíkà rí látìgbà tí wọ́n ti ń kọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn àgbà níbí máa ń fi ìjì Gilbert ti 1988 ka ọjọ́ orí ọmọ, bí àwa ṣe ń fi ogun àti ọlá ọba kà á. Ní báyìí wọn ò dárúkọ Gilbert mọ́. Èmi àti ogójì èèyàn ó lé díẹ̀ la wà nínú kíláàsì kan tí wọ́n fi kọnkéré ṣe òrùlé rẹ̀. Ohun tí mo rántí jù ni ìró páánù. Kì í ṣe pé ó ń fò lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Á kọ́kọ́ máa sunkún, bí ọmọ tí wọ́n já lọ́mú, á sunkún títí, lẹ́yìn náà ẹ ó gbọ́ tí ìṣó ń tú lọ́kọ̀ọ̀kan, kí gbogbo rẹ̀ tó dákẹ́. Ìyá tó ń pè mí ní ìbátan jókòó tì mí. Lẹ́yìn ìdákẹ́ kọ̀ọ̀kan, á dárúkọ onílé. Ó mọ ilé tó ń lọ láti ibi tí ohùn ti wá. Ó dárúkọ tirẹ̀ náà.

Ilẹ̀ mọ́, òkè tó tutù yọ̀yọ̀ lánàá ti di àwọ̀ ilẹ̀. Igi iṣin wó, gbẹ̀rẹ̀fútù wó, ọ̀pá tí iṣu ń gùn dà lulẹ̀, omi sì dúró sínú ebè. Ẹ rántí ohun tí mo ní kẹ́ ẹ fi sọ́kàn. Níbi tí òrùlé ti jẹ́ kànga, ilé tí páánù rẹ̀ lọ ti pàdánù omi mọ́ ọn. Ọ̀rá búlúù tí wọ́n pín láti fi bo orí ilé ṣe é sùn sábẹ́ rẹ̀, kò ṣe é pọnmi. Lẹ́yìn ìjì, inú rírun àti ìgbẹ́ gbuuru ni mo tọ́jú jù ní sẹ́ńtà, àti àwọn tó tẹ ìṣó mọ́lẹ̀.

Ìjọba wọn ti ṣe nǹkan, àwọn ọmọ wọn lókè òkun náà ti ṣe nǹkan, n kò ní fi àìmoore kún un. Àmọ́ ìrànlọ́wọ́ dà bí omi: etíkun, níbi tí hòtẹ́ẹ̀lì àti ojú títì ńlá wà, ló ń kọ́kọ́ ṣàn dé. Òkè ló ń gbẹ̀yìn.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún nìyí, Kábíyèsí. Ẹ bá mi sọ fún àwọn tó ń dáwó jọ pé kí wọ́n dá aṣọ ẹgbẹ́ dúró ná. Owó tí wọ́n fẹ́ fi gbé onílù méjìlá wọ bàálù, kí wọ́n fi ra páánù, ìṣó páánù àti àwọn irin pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń so igi òrùlé mọ́ ògiri kí ìjì tó ń bọ̀ má tún ṣí i. Kí wọ́n fi tánkì kún un. Kí wọ́n rà á níbí, lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò ibí, kí wọ́n má di ẹrù sínú kọ̀nténà kó lọ jókòó ní èbúté. Kí wọ́n gbé owó náà gba ọwọ́ ìjọ àti ẹgbẹ́ àgbẹ̀ tó ti wà lórí òkè kí àwa tó mọ̀nà.

Lẹ́yìn ìyẹn ni iṣu. Ìjì ti ba èbù jẹ́, ẹni tí kò ní èbù lọ́dún yìí ò ní iṣu lọ́dún tó ń bọ̀. A ò lè kó iṣu gba orí òkun bẹ́ẹ̀ láìgba ìwé àṣẹ, nítorí àrùn ọ̀gbìn. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ ò nílò ìwé àṣẹ. Àwọn onímọ̀ ilé ìwádìí ọ̀gbìn ní Umudike àti ti IITA ní Ìbàdàn ló jọ gbé ọ̀nà gígé iṣu sí wẹ́wẹ́ kalẹ̀, kí odidi iṣu kan lè fún èèyàn ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ èbù. FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀, wà ní Abẹ́òkúta yín, láti 1988 ni wọ́n ti ń kọ́ni níṣẹ́ àgbẹ̀. Ẹ bá mi bi wọ́n bóyá wọ́n lè yọ̀ǹda olùkọ́ méjì fún sáà kan. Technical Aid Corps tó gbé èmi wá lè gbé àwọn náà wá. Òkè ni kí wọ́n gbé wọn sí, kì í ṣe Kingston. Bí FUNAAB bá sì lè fún ọmọ méjì péré láti orí òkè yìí láàyè ìwé ọ̀fẹ́, mo mọ ọmọ kan tó ń gé koríko.

Mo mọ ohun tí wọ́n á sọ. Wọ́n á ní ilé ń jó, ẹ ń bu omi ránṣẹ́ sókè òkun. Ọmọ Kémta ni mí, mo mọ bí kẹ́ẹ̀gì ṣe ń tò nílé tiwa, mo sì ti gbé e lórí. Ká ní wọn ò tíì dá kọ́bọ̀, n kò ní la ẹnu mi. Owó ti wà nílẹ̀ o. Ohun tí wọ́n máa fi ṣe ni mò ń bá yín sọ.

N kò sọ pé kí wọ́n má wá. Kí wọ́n wá. Ní oṣù Kejìlá 2020, bàálù kan gbéra láti Èkó lọ tààrà sí Montego Bay, nítorí náà ọ̀nà kì í ṣe àwátì. Kí wọ́n kàn wá lẹ́yìn páánù, kí wọ́n wá bí ẹbí ṣe ń wá sílé tí àjálù ti ṣẹ̀, pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́. Ní ti ìlù, àwọn ará ibí ní tiwọn. Agolo kẹrosíìnì náà ò fọ́.

Ẹnikẹ́ni ò rán mi níṣẹ́ yìí. Wọn ò tọrọ. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ lọ́wọ́, àwọn ọmọ kéékèèké jókòó lábẹ́ igi tó kù níta sẹ́ńtà, wọ́n ń fa ìṣó yọ nínú pákó tó wó, wọ́n ń fi òkúta lù ú kó lè tọ́, wọ́n ń kó o sínú agolo mílíìkì. Ọmọkùnrin tó ń gé koríko ló ń yẹ̀ wọ́n wò, èyí tó ti jẹrà jù ló ń dà nù. Mo sọ fún ìyá pé mo ń kọ̀wé sí ọba wa. Ó ronú díẹ̀. Ó ní tí ọba bá máa ra páánù, kí n sọ fún un pé èyí tó nípọn ni o, torí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n rà fún òun lẹ́yìn Gilbert.

Èmi ni ọmọ yín,
Nọ́ọ̀sì ọmọ Kémta, ní Westmoreland